Téèpù tí wọ́n tà ní gbàǹjo

Mo mọ̀ pé mo ti dákẹ́ jù. Ìwé ló ń lé mi kiri, ẹ máa bá mi gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ níbí tí mi ò lè dá gbé mì. Ọ̀rọ̀ náà á gùn díẹ̀ o. Ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ fi pamọ́ di alẹ́.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé Ithaca ni mo wà, ní ìpínlẹ̀ New York. Bàbá onílé mi ti lé ní àádọ́rin ọdún. Òyìnbó ni, ṣùgbọ́n Bàbá ni mo ń pè é, ó sì ti gbà pé mi ò ní fi orúkọ pe òun láéláé. Lọ́jọ́ kan nínú òtútù tó kọjá yìí, bí a ṣe jọ ń wa yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí n wọlé. Ó gbé kásẹ́ẹ̀tì Maxell kan lé mi lọ́wọ́. Wọ́n fi báírò kọ “5/8/77” sí i lára. Mo kọ́kọ́ rò pé ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹjọ ni. Rárá o, oṣù ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ ṣáájú. Ọjọ́ kẹjọ oṣù karùn-ún ọdún 1977 ni.

Bàbá ní òun wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Níbo? Ní Barton Hall, gbọ̀ngàn ràgàjì kan nínú Cornell níbí, tí mo ti ń gba iwájú rẹ̀ kọjá láti ọdún mẹ́ta, tí mo rò pé eré sísá àti ọ̀rọ̀ ológun nìkan ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Grateful Dead ló wá kọrin. Dókítà ti wá sọ fún Bàbá pé etí òsì rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, ti ọ̀tún náà sì ń tẹ̀ lé e. Ó ní, “Ọmọ mi, o mọ kọ̀ǹpútà. Bá mi wá èyí tí ohùn rẹ̀ dára jù, kí etí tó kù yìí tó lọ.”

Mo gbé kásẹ́ẹ̀tì náà sínú ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ń hó ṣáá bí epo nínú agbada, orin wá ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn bí ẹni pé àdúgbò kejì ni wọ́n ti ń ṣe é. Mo ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá.” Mo rò pé iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà mí, èmi tí ìwádìí mi dá lórí ilẹ̀ àti omi, tí kò kan orin rárá. Ohun tí mo bá pàdé lọ́nà ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹgbẹ́ olórin náà. Ọdún 1965 ni wọ́n dá Grateful Dead sílẹ̀ ní California. Jerry Garcia ló ń ta gìtá, tó sì ń kọrin. Títí di ìgbà tí Garcia fi kú ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ ọdún 1995, wọ́n ti ṣeré ju ìgbà 2,300 lọ. Ohun tó mú wọn yàtọ̀ ni pé wọn kì í ṣe orin kan lẹ́ẹ̀mejì bákan náà. Orin ìṣẹ́jú mẹ́rin inú àwo lè di ìṣẹ́jú ogún lórí ìtàgé. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà lóde àríyá rí, tí olórin gbàgbé ohun tó ń kọ, tó bọ́ sórí ìyàwó ọlọ́jọ́ ìbí, tó bá ìlù lọ sí ibòmíì, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Irú ìyẹn ò sí nínú àwo. Bí ẹnikẹ́ni ò bá gbà á sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ó lọ nìyẹn.

Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń gbé ẹ̀rọ lọ sóde eré. Ní ọdún 1969, àwo kan jáde láìgba àṣẹ, Great White Wonder, orin Bob Dylan ló wà nínú rẹ̀. Látìgbà náà ni ohun tí wọ́n ń pè ní bootleg ti di òwò nínú orin rọ́ọ̀kì. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló gbógun tì í. Peter Grant, máníjà Led Zeppelin, ò fẹ́ rí ẹ̀rọ rẹ́kọ́dù sójú rárá. Ní Vancouver ní ọdún 1971, ó rí ọkùnrin kan tó gbé ẹ̀rọ dání, ó ní olè orin ni, wọ́n sì fọ́ ẹ̀rọ náà yángá. Òṣìṣẹ́ tó wá wọn bí ariwo ṣe pọ̀ tó ni ọkùnrin náà, kò bá ti orin wá!

Grateful Dead ò ṣe bẹ́ẹ̀. Garcia fúnra rẹ̀ ò rí àwọn tó ń gbà á sílẹ̀ bí olè. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 làwọn olólùfẹ́ wọn ti ń fi téèpù ránṣẹ́ síra wọn. Ìwé ìròyìn Relix tó bẹ̀rẹ̀ ní 1974, àwọn onítéèpù wọ̀nyí ló kọ́kọ́ wà fún. Nígbà tó di 1984, ẹgbẹ́ náà ya àyè sọ́tọ̀ nínú gbọ̀ngàn fún wọn, tíkẹ́ẹ̀tì tiwọn yàtọ̀, wọ́n á gbé máíkì wọn nàró bí igbó ọparun. Òfin kan ṣoṣo ló wà: má tà á. O lè fún èèyàn, o lè gba pààrọ̀. Bí o kò bá ní nǹkan kan láti fi ṣe pààrọ̀, wàá fi kásẹ́ẹ̀tì òfìfo àti owó sítáǹpù ránṣẹ́, ẹni tí o kò rí rí á ṣe ẹ̀dà fún ọ.

Wàhálà ibẹ̀ wá nìyí. Kásẹ́ẹ̀tì kì í ṣe fáìlì. Tí o bá ṣe ẹ̀dà kan láti ara òmíràn, ariwo híhó á pọ̀ sí i, ohùn tín-ín-rín orí síńbà á dín kù. Wọ́n ń ka téèpù bí à ń ka ìran. Ìyá téèpù ni èyí tó wà nínú ẹ̀rọ lálẹ́ ọjọ́ eré gan-an. Ọmọ rẹ̀ ni ìran kìíní, ọmọ-ọmọ ni ìran kejì. Ti Bàbá tó wà lọ́wọ́ mi, ó kéré tán, ìran karùn-ún tàbí ìkẹfà ni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ wà ní Barton Hall ló fi ránṣẹ́ sí i ní nǹkan bí 1988. Ọ̀rẹ́ náà ló fi báírò kọ déètì yẹn. Ó ti dolóògbé.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí o tó béèrè èyí tí ohùn rẹ̀ dára jù, kọ́kọ́ béèrè ibi tí ohùn náà ti wá. Oríṣi mẹ́ta ló wà. Ọ̀kan, wọ́n so ẹ̀rọ rẹ́kọ́dù mọ́ mixer, SBD ni wọ́n ń kọ sí i lára. Ohùn ẹnu máa ń mọ́ ketekete nínú rẹ̀, o máa gbọ́ gìtá kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ó lè gbẹ. Bí gbọ̀ngàn bá kéré, gìtá ti pariwo tó láti orí ìtàgé, ẹni tó wà nídìí mixer ò ní gbé e sókè, nínú téèpù wàá wá gbọ́ akọrin bí ẹni pé òun nìkan ló wá. Ìkejì ni AUD, èyí tí olùgbọ́ fi máíkì gbà láàárín èrò. Ìró gbọ̀ngàn wà nínú rẹ̀, àtẹ́wọ́ wà nínú rẹ̀, ẹni tó ń wúkọ́ náà wà nínú rẹ̀. Ìkẹta ni matrix, níbi tí ẹnì kan ti jókòó, tó po méjèèjì pọ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ohun tí mixer gbọ́, olùgbọ́ ò gbọ́ ọ. Ohun tí olùgbọ́ gbọ́, mixer ò mọ̀ pé ó wà.

Ẹ má sì rò pé AUD kò lè dára. Ọkùnrin kan wà ní Los Angeles tó ń jẹ́ Mike Millard. Ní àwọn ọdún 1970, ó máa ń jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á tì í wọlé, ẹ̀rọ Nakamichi rẹ̀ á wà lábẹ́ ìjókòó. Ó ń rìn dáadáa o! Ọgbọ́n àtigbé ẹ̀rọ wọlé ni. Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹfà ọdún 1977, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré lẹ́yìn ti Barton Hall, ó gba Led Zeppelin sílẹ̀ báyìí, Led Zeppelin Peter Grant yìí kan náà. Títí dòní, àwọn tó mọ̀ ọ́n ka téèpù náà mọ́ èyí tó dára jù nínú gbogbo èyí tí olùgbọ́ ti gbà rí. Millard kú ní 1994. Ní ọdún 2025, nígbà tí Pink Floyd ṣe àtúnjáde àwo Wish You Were Here fún àádọ́ta ọdún rẹ̀, téèpù tí Millard gbà ní Los Angeles ní 1975 wà nínú rẹ̀. Ohun tí wọn ì bá fọ́ mọ́ ọn lórí nígbà náà ni wọ́n ń tà fún wa báyìí.

Àmọ́ ti Barton Hall, obìnrin kan ni ìtàn rẹ̀ dá lé lórí. Betty Cantor-Jackson lorúkọ rẹ̀. Láàárín ọkùnrin ló ti ń ṣe iṣẹ́ ohùn fún Grateful Dead, nígbà tí kò sí obìnrin púpọ̀ nídìí iṣẹ́ yẹn. Nagra ni ẹ̀rọ rẹ̀, ẹ̀rọ onítéèpù ńlá tí wọ́n ń ṣe ní Switzerland. Betty kì í kàn fa ohùn tó ń lọ sí spíkà gbọ̀ngàn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń to ohùn fún téèpù tirẹ̀ bí eré ṣe ń lọ, kí ó lè dùn létí ẹni tó bá gbọ́ ọ nínú ilé. Alẹ́ ọjọ́ Sunday ni, Ọjọ́ Ìyá ní Amẹ́ríkà. Bàbá ní nígbà táwọn máa fi jáde, yìnyín ń bọ́. Nínú oṣù karùn-ún!

Ní àwọn ọdún 1980, iṣẹ́ Betty pẹ̀lú ẹgbẹ́ náà parí, owó ò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, ilé náà lọ. Àwọn téèpù náà wà nínú storage. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ dúró níbí. Ta ni nínú wa tí kò tíì gba storage rí? O kó kúrò ní ìlú kan, ilé tuntun ò tíì dájú, o kó ẹrù síbẹ̀ pé oṣù méjì péré ni. Ọ̀rẹ́ mi kan, ìwé ìkìlọ̀ lọ sí àdírẹ́sì àtijọ́. Àlíbọ́ọ̀mù ìgbéyàwó àwọn òbí rẹ̀ wà nínú ẹrù yẹn. Kó tó mọ̀, wọ́n ti tà á.

Bẹ́ẹ̀ ló rí fún Betty. Kò rí owó storage san. Ní ọdún 1986, wọ́n lu àwọn téèpù rẹ̀ ní gbàǹjo. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń tà á bí àga àtijọ́. Àwọn èèyàn mélòó kan rà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn kan nínú wọn ò tiẹ̀ mọ ohun tí wọ́n rà. Apá kan bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó jẹ́ kí àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Láti 1987, ẹ̀dà wọ̀nyẹn bẹ̀rẹ̀ sí í tàn ká, wọ́n sì sọ ọ́ ní Betty Boards. Àwọn tó ti ń fi ọdún mẹ́wàá gbọ́ híhó ṣàdédé ń gbọ́ ìka ẹni tó ń ta gìtá. Ibẹ̀ ni kásẹ́ẹ̀tì Bàbá ti wá.

Apá mìíràn ò rí irú oore bẹ́ẹ̀. Ó wà níbi tí ọ̀rinrin ti mú un, ó ti ń bu. Rob Eaton, tó jẹ́ onímọ̀ ohùn tó tún ń ta gìtá, jókòó tì wọ́n, ó ń nù wọ́n, ó ń tún wọn ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wò ó, ẹni tó ra téèpù ní gbàǹjo, téèpù ló rà, kò ra orin. Ẹgbẹ́ ló sì ni orin, kò ní téèpù lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí ìyá téèpù Barton Hall tó padà sọ́dọ̀ ẹgbẹ́. Ní 2017, tí eré náà pé ogójì ọdún, wọ́n gbé e jáde gẹ́gẹ́ bí àwo CD mẹ́ta. Kó tó dìgbà yẹn, Library of Congress, ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ti fi alẹ́ náà sínú àkójọ ohùn tí kò gbọ́dọ̀ parun, àkójọ ti ọdún 2011. Ẹ gbọ́ ohun tí mò ń sọ o: téèpù tí wọ́n tà nítorí gbèsè storage ni orílẹ̀-èdè ń tọ́jú báyìí. Bí kò bá sí àwọn tó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ káàkiri láìgba kọ́bọ̀, ta ni ì bá mọ̀ pé ohun tó yẹ kí ìjọba tọ́jú wà níbẹ̀?

Bí ẹ bá fẹ́ wá irú nǹkan báyìí fúnra yín, ẹ lọ sí Live Music Archive tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002 lórí Internet Archive. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún eré Grateful Dead ló wà níbẹ̀. Ní ìparí ọdún 2005, wọ́n ti ilẹ̀kùn pa lójijì, kò sí ẹni tó lè wà á sórí kọ̀ǹpútà mọ́. Ariwo ta. Ẹgbẹ́ náà fàyè gba AUD padà kíákíá, àmọ́ SBD di ohun tí a kàn lè gbọ́ níbẹ̀. Ẹ má wo ìràwọ̀ tí àwọn èèyàn fún un nìkan. Ẹ ka ìwé kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀: máíkì wo, ẹ̀rọ wo, ìran mélòó, ta ló gbé e sórí kọ̀ǹpútà, ṣé FLAC ni láti ìbẹ̀rẹ̀ àbí MP3 tí wọ́n yí padà. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Èyí tí kò ní ìtàn ìran kankan, tí wọ́n kàn kọ “remastered” gàdàgbà sí, ẹ rọra. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnì kan ti gbé ohùn ìlù sókè jù, ó sì ti gé híhó náà kúrò pẹ̀lú síńbà.

Bí mo ṣe ń ka àwọn ìwé kékeré wọ̀nyí ni mo rí orúkọ ọ̀kan nínú àwọn onílù méjì ẹgbẹ́ náà, Mickey Hart. Mo ní, níbo ni mo ti mọ orúkọ yìí? Àṣé ọkùnrin tó gbé Planet Drum jáde ní 1991 ni, àwo tó kọ́kọ́ gba ẹ̀bùn Grammy fún orin àgbáyé. Babatunde Olatunji ọmọ Àjídò lọ́nà Badagry wà nínú rẹ̀. Sikiru Adepoju ọmọ Èrúwà náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìlù rẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀. Mo sọ fún Bàbá. Ó ní òun ti ní àwo yẹn láti ọjọ́ pípẹ́, òun ò kàn mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti wá. Ọjọ́ yẹn ni mo túmọ̀ ohun tí onílù ń sọ fún un dé ibi tí agbára mi mọ.

Alẹ́ Sátidé kan la wá jókòó. Mo ti ra CD 2017, mo sì ti wá AUD kan tí olùgbọ́ gbà nínú gbọ̀ngàn lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo gbé spíkà sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. A kọ́kọ́ gbọ́ ti Betty. Bàbá dákẹ́ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ó wá ní báàsì Phil Lesh tí òun ń gbọ́ yìí, òun ò gbọ́ ọ rí láyé òun, ìgbà tí òun wà níbẹ̀ gan-an òun ò gbọ́ ọ báyìí. Nígbà tó kan Morning Dew ní ìparí, ó gbé ọwọ́ lé orí spíkà, ó fi ọwọ́ gbọ́ ohun tí etí ò gbé mọ́.

Mo rò pé ó parí. Mo ní kí n kàn fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá AUD hàn án. Ohùn rẹ̀ jìnnà, ó ń dún wọ̀ọ̀ bí inú gbọ̀ngàn onípáánù. Àwọn èèyàn ń pariwo. Bàbá na ìka sókè pé kí n dúró. Ó ní, “Bó ṣe rí nìyẹn. Ibi tí a dúró sí nìyẹn.” A tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. CD olówó iyebíye tí mo rà wà lórí tábìlì.

Ẹ̀yin tí ẹ bá bi mí pé èwo ló dára jù, mo ti mọ ìdáhùn tèmi: ti Betty ni. Bí ẹ bá bi Bàbá, ohun mìíràn lẹ máa gbọ́, kò sì parọ́. Òun ń wá ibi tó wà nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjìlélógún. Èmi ń wá orin. Nígbà tí mo ní ṣé kí n bá a da kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ yẹn nù, ó wò mí bí ẹni pé mo bú u. Ó dá a padà sínú páálí rẹ̀, ó wo ibi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ déètì sí, ó gbé e sínú dúrọ́ọ̀.

Mo pe màmá mi lọ́jọ́ kejì. Àpótí kásẹ́ẹ̀tì bàbá mi ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òde ìsìnkú bàbá-bàbá mi wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ohùn àwọn tí kò sí mọ́. Màmá ní èkúté ti jẹ méjì. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Àbúrò mi á bá mi gbé e wá ní oṣù Kejìlá.

Torí náà, ẹ bá mi wo nǹkan mẹ́ta yìí. Ẹni tó bá ní storage, ẹ yí àdírẹ́sì yín padà lónìí, ẹ má dúró dọ̀la. Ẹni tó bá ní kásẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ déètì àti ibi tí wọ́n ti gbà á sí i lára, ẹ kọ oṣù ní ọ̀rọ̀, kí ẹni tó bá ń gbé Amẹ́ríkà má baà ṣì í kà. Ẹ sì fún ẹlòmíì ní ẹ̀dà, torí ilé kan ṣoṣo ò tó láti tọ́jú nǹkan. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tó lè gba kásẹ́ẹ̀tì sórí kọ̀ǹpútà, tó sì wà nítòsí New York, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn sí mi. Màá fi ìrẹsì àti ẹran dúpẹ́.

Mo ń padà sídìí ìwé mi.